Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé àti Àyà Ìyá Rẹ̀

Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí oòrùn ti ń ta sórí páànù Ọjàaba àti Béèrè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kì í yá ènìyàn lára láti gbà pé òtútù lè pa ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pa á. Ooru ara ọmọ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 36.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 28, tí àgbàlagbà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara nínú rẹ̀, òtútù gidi ni fún ìkókó tí omi inú ilé-ọmọ kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ẹni tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni ó le fún jù: awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rá tí ìbá jó láti mú un móoru kò tó, agbára tí ìbá sì fi mí, tí ìbá fi mu ọyàn, ni yóò máa ná sórí ooru wíwá.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìyá àgbà wa ní Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà, àwọn tí wọ́n mọ ọmọ ọ́ wẹ̀ dájú, kí wọ́n fi kànrìnkàn sílẹ̀ ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó tó wákàtí 24, ó kéré tán, kí omi ìwẹ̀ tó kan ọmọ. Kí a nù ún gbẹ, kí a dé e ní fìlà, kí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, iná ìjọba kì í sì í dúró. Bí a ti ń sunkún náà ni a ń ríran: ní ọdún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ kò kárí ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, dókítà Edgar Rey Sanabria sọ àyà ìyá di ibùsùn. Ní 2021 ni èsì ìwádìí kan jáde láti Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tàńsáníà àti Nàìjíríà, tí Ilé-Ifẹ̀ ṣe tiwa: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ kéékèèké tí a gbé lé àyà láti ìgbà ìbí, 12 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé, nínú àwọn tí a kọ́kọ́ fi sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi àyà ìyá du ọmọ kankan.

Ọmọ laṣọ ni a máa ń wí, ṣùgbọ́n ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìyá ni aṣọ ọmọ. Kì í ṣe pípọ̀n sẹ́yìn o. Ara sí ara ni, ní ìdúró láàárín ọmú méjèèjì, kí orí yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí imú má baà dí, kí a fi ọ̀já gbà á mọ́ra tọ̀sán tòru. Bí ó bá rẹ ìyá, kí bàbá tàbí ìyá àgbà gbà á sí àyà tiwọn. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ bá sì tutù síbẹ̀, tàbí tí ó kọ ọyàn, kí a má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí a tó gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu.