Iṣẹ́ Ìkọ́lé Ńlá àti Àyíká: Ẹ̀kọ́ láti Dutse Alhaji

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá ń ṣe sí ilẹ̀ àti omi. Dutse Alhaji, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yan Abuja ní olú-ìlú ní 1976, ilé àti ọ̀nà ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà.

Bí katapílà bá ha koríko àti igi kúrò, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá da kọnkéré àti ọ̀dà lé e, òjò kò rí ibi wọlé mọ́. Ó di àgbàrá, a sì kó ẹrẹ̀ lọ sínú odò. Omi adágún Lower Usuma, tí wọ́n parí ní 1984 nítòsí Ushafa, ni ọ̀pọ̀ ará Abuja ń mu. Bí ẹrẹ̀ bá kún irú adágún bẹ́ẹ̀, àyè omi á dín kù.

Òfin 86 ti 1992 ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ará ìlú sì sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ìtanràn tí ó kọ fún ilé-iṣẹ́ tó bá rú u kò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Ojú ará ìlú ni ẹ̀ṣọ́ tó kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ni mú akẹ́kọ̀ọ́ jáde lẹ́yìn òjò: kí wọ́n bu àgbàrá sínú ìgò, kí wọ́n wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ibi tó ti wá. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó. Onílé ni kò ní gbà fún un.