Ariwo tápẹ́ẹ̀tì: ohun tí ọ́ìlì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ General Motors kéde ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ tó lé ní 597,000 padà wá fún àyẹ̀wò nítorí ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 6.2 tó wà nínú wọn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kí apá kan nínú àwọn ọkọ̀ náà pa ọ́ìlì 0W-20 tì, kí wọ́n máa lo 0W-40 tó ki jù ú lọ. Ojú ẹ̀rí ni ẹni tó bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ́ìlì tó ki ni oògùn ariwo á fi wo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ rọ 20W-50 sí i, á dákẹ́.

Àmọ́ àìsàn tó ṣe ẹ́ńjìnnì GM yẹn kì í ṣe ti tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó sábà máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíráńkì àti kọ́ńrọ́ọ̀dù ló ní àbùkù láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ọkọ̀ tí àyẹ̀wò bá ká ìṣòro mọ́ lára, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ odindi ẹ́ńjìnnì rẹ̀; èyí tó bá yege ni wọ́n ń rọ 0W-40 sí. Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe lára kíráńkì yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú tápẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa, torí owó ńlá ló ń ṣòfò nítorí pé a kò mọ ìyàtọ̀ náà.

Fáàfù ló ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ láti wọlé àti fún èéfín láti jáde. Kámúṣáàfù ló ń tì í ṣí, tápẹ́ẹ̀tì ló sì wà láàárín wọn. Irin a máa gùn sí i bó bá gbóná, nítorí náà dandan ni kí àlàfo bíńtín wà láàárín wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáàfù ò ní lè padé dáadáa tó bá gbóná. Àlàfo yẹn ló ń dún: irin á máa gbá irin ní gbogbo ìgbà tí kámú bá yí dé ibẹ̀. Nígbà tí Cadillac gbé ẹ́ńjìnnì V16 jáde lọ́dún 1930 fún àwọn olówó tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo nínú ọkọ̀ wọn, ọ́ìlì ni wọ́n fi gba ipò àlàfo náà.

Inú tápẹ́ẹ̀tì tó ń lo ọ́ìlì báyìí, ìyẹn tápẹ́ẹ̀tì olóìlì, ṣófo. Písítìnì kékeré kan wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì sì wà lábẹ́ písítìnì náà tó ń tì í sókè kí àlàfo má baà sí. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì bọ̀ á gba ihò wọlé, á kọjá lára bọ́ọ̀lù irin kékeré kan, á sì kún ìsàlẹ̀ písítìnì náà. Bí kámú bá ti tẹ tápẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù yẹn á dí ojú ihò, ọ́ìlì ò sì ní ríbi gbà padà. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á le gan-an, fáàfù á sì ṣí. Díẹ̀ á jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì jáde, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Bí kámú bá ti kọjá, ọ́ìlì tuntun á wọlé rọ́pò èyí tó jò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni gbogbo ètò yìí ń wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú ọkọ̀ tó kéré tó báyìí tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí.

Ẹni tó bá ti lóye èyí á rí i pé tápẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé pariwo. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, bóyá ó ti lọ sílẹ̀ lórí géèjì tàbí pọ́ǹpù ti rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rọ ọ́ sí i kọjá ààlà tí kíráńkì sì ń pò ó di ìfófòó. Ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti gan písítìnì kékeré yẹn tàbí kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù pa ojú ihò dé.

Kò tiẹ̀ yẹ kí a dé ọ̀rọ̀ ọ́ìlì rárá láì kọ́kọ́ bèèrè bóyá tápẹ́ẹ̀tì olóìlì wà nínú ẹ́ńjìnnì náà. Honda Accord tí a ń pè ní End of Discussion kò ní in. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń tún àlàfo fáàfù rẹ̀ ṣe. Toyota Camry Big Daddy náà kò ní in. Irin lásán ni tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tó lè dí àlàfo tó ti fẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Camry Muscle tó jẹ́ V6 ní tápẹ́ẹ̀tì olóìlì ní tirẹ̀. Ní ti àwọn V8 GM ọ̀hún, tápẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣe ju pé kó ti fáàfù lọ: ètò kan wà tó ń fi ọ́ìlì tú tápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí sílíńdà kan lè sinmi, kí epo má baà jó jù. Bí ìkọ́ inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, pípààrọ̀ ló kù, kì í ṣe ọ́ìlì.

Ẹ wo nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì nísinsìnyí. Bí ẹ̀kọ mímu ṣe ń ṣàn tó bá gbóná, tó sì ń ki bó bá ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń ṣe. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣe nínú òtútù: ìwọ̀n 35 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán 0W wò, 15 sí ìsàlẹ̀ òdo ni ti 20W. Èkó kì í rí irú òtútù bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kejì ló kàn wá jù, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní ìwọ̀n ooru 100. Níbẹ̀, ọ́ìlì 50 ki ju 20 lọ ní ìlọ́po tó lé ní ìgbà méjì nígbà mìíràn.

Ìgbà tí ariwo ń wá ló ń sọ ohun tó yẹ. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárọ̀ ló ń dún tó sì ń dákẹ́, ọ́ìlì ló ṣàn kúrò nínú tápẹ́ẹ̀tì lóru. Fílítà tó dáa, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà, lè yanjú rẹ̀, ọ́ìlì tó ki sì lè mú kó pẹ́ kó tó dákẹ́. Bó bá ń dún nígbà gbogbo, ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ọ́ìlì tó mọ́, tó wà ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, tí wọ́n sì ń tètè pààrọ̀, ló lè fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì ń rọra yí nìkan ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ki ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí pọ́ǹpù tó ti gbó kò lè ti ọ́ìlì tó ṣàn jù. Kódà nígbà náà, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń lọ.

Ní ti àwọn oògùn inú agolo tí wọ́n ń tà láti fi pa ariwo, èrò mi ni pé àwọn kan lè tú tápẹ́ẹ̀tì tó gan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo rí kò tó kí n ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo tún gbà pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti rìn jìnnà lè fara da ọ́ìlì tó fi ìpele kan ki ju ti ìwé lọ nínú ooru wa. Ní Amẹ́ríkà, òfin dídín epo kù wà lára ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fẹ́ràn ọ́ìlì tó ṣàn, ìwé àwọn ọkọ̀ Toyota tí wọ́n tà síbòmíràn sì máa ń gba ju oríṣi kan lọ. Ṣùgbọ́n láti 20 fò sí 50 kì í ṣe ìpele kan. Ẹ́ńjìnnì òde òní ń fi ọ́ìlì yí kámú síwá sẹ́yìn gba ojú ihò tóóró, ọ́ìlì tó ki jù sì lè dá iṣẹ́ yẹn rú.

Bí ariwo náà bá ti wúwo, tó ń dún gbì gbì láti ìsàlẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ kí ẹ pe ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀; èyí kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́ òkè ni, ẹ ra ojúlówó ọ́ìlì tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ sì má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni rọ 20W-50 sí ẹ́ńjìnnì yín láì tíì sọ fún yín irú tápẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀.