Kí oníbàárà tó kó sómi: Àyẹ̀wò tí onílé ìgbafẹ́ etí adágún kò gbọdọ̀ fojú fò

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí adágún, dáàmù tàbí ọ̀sà ti rí ọ̀nà owó. Bó bá pa àtíbàbà díẹ̀, tó to àga sábẹ́ rẹ̀, tó wá ọkọ̀ ojú omi kan tí yóò máa fa àwọn tó fẹ́ fi pátákó sáré lórí omi, àwọn oníbàárà yóò máa wọ́ wá lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ oníbàárà kan bá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, tó délé tó ń ṣu, tó ń bì, ìròyìn ọ̀hún yóò ti ká àdúgbò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gbogbo owó tí wọ́n kó lé òwò náà á sì wọmi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa fi ojú lásán yẹ omi wò. Omi tó mọ́ gaara lè kún fún kòkòrò àrùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń wá nínú omi adágún ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní E. coli, tó ń gbé nínú ìfun èèyàn àti ẹranko. Bí wọ́n bá rí i, ó túmọ̀ sí pé ìgbẹ́ ti dé inú omi náà, àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlànà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká gbé jáde lọ́dún 2012 sọ pé, nínú mílílítà 100 omi, ìpíndọ́gba E. coli fún ọgbọ̀n ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju 126 lọ. Èsì tó bá kọjá 410 kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́wàá. Ní ti omi ọ̀sà tó ní iyọ̀, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ enterococci ni wọ́n ń kà, ìpíndọ́gba tirẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 35 lọ.

Bíbu omi lọ fún àyẹ̀wò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìgò tí yàrá àyẹ̀wò ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọn kì í fi omi adágún ṣàn án. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an ni kí wọ́n ti bù ú, kì í ṣe etí omi. Kí wọ́n ti ìgò náà wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí mẹ́fà.

Èsì rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan. Ìyẹn ni pé omi àná ni èsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe tòní. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò fi tó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló dára jù lásìkò tí èrò bá ń wá. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀, tí àgbàrá gbá ìdọ̀tí wọnú omi, kí wọ́n dá lílúwẹ̀ẹ́ dúró fún ọjọ́ méjì, ì báà jẹ́ pé èsì tó kọjá dára.

Àìsàn kan wà tí àyẹ̀wò E. coli kò lè fi hàn: àtọ̀sí ajá, tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tó ní in ló ń gbé ẹyin kòkòrò rẹ̀ dé inú omi. Kòkòrò náà á wọ inú ìṣáwùrú, á dàgbà níbẹ̀, á jáde, á sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wà nínú omi. Létí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, àwọn olùwádìí ti bá àìsàn yìí lára àwọn ọmọ abúlé tó yí i ká. Nítorí náà, kí onílé ìgbafẹ́ máa yẹ etí omi wò fún ìṣáwùrú, kó sì máa ro koríko inú omi tí wọ́n ń fara mọ́. Oògùn praziquantel wà fún ẹni tó bá ti kó o, ṣùgbọ́n dókítà ni kó júwe rẹ̀.

Ẹni tó ń fi pátákó sáré lórí omi tún ní ewu tirẹ̀, nítorí bó bá ṣubú, omi lè rọ́ wọ imú rẹ̀, ó sì lè forí sọ igi tó rì sísàlẹ̀. Wọ́n máa ń so okùn mọ́ àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun, wọn á jù ú sínú omi, wọn á sì wo ibi tí ojú kò ti rí i mọ́. Ní Kánádà, ó kéré tán, ojú gbọ́dọ̀ rí i dé mítà 1.2. Bí omi bá sì wá dà bí ọ̀dà tútù yọ̀yọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, nítorí májèlé lè wà nínú rẹ̀.

Dídènà kò wọ́n tó ìwòsàn. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí etí omi, kó sì mọ́ débi tí kò ní sí oníbàárà tí yóò tọ̀ sínú adágún. Kí wọ́n má jẹ́ kí màlúù máa mu omi níbi tí èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti èsì àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí wọ́n sì lẹ èyí tó dé kẹ́yìn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà tó bá rí i pé wọ́n ti omi pa nítorí èsì kò dára lè bínú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n yóò padà wá, nítorí ó ti mọ̀ pé wọn kì í fi ẹ̀mí òun tajà.