Ọmọ Yín ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjọba ní Erékùṣù Èkó: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà, Jáńkárà àti Òkè-Àrín, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ní Erékùṣù Èkó, tàbí tó ti wà níbẹ̀, la kọ ìwé yìí fún. A ó sọ ohun tí ọmọ ń kọ́, ohun tó ń ṣe ní pápá, àti bó ṣe ń gbé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ wá lógún jù ni wákàtí mẹ́rin tó wà láàárín ìgbà tí ilé ìwé bá jáde ní ọ̀sán sí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Inú wákàtí wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Orí erékùṣù yìí ni ilé ẹ̀kọ́ gírámà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ṣí CMS Grammar School ní Broad Street. Ọmọ mẹ́fà péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Methodist Boys' High School tẹ̀ lé e ní 1878, King's College sì dé ní 1909 pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá. Nígbà tó yá, àyè há. CMS Grammar School kó lọ sí Bàrígà ní 1959, Methodist Boys' sì kó lọ sí Victoria Island. King's College ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tafawa Balewa Square, àmọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni, ìdánwò tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, irú Isale Eko Grammar School, ni ti ọmọ àdúgbò. Ẹkùn Ẹ̀kọ́ Kẹta, tí àwọn èèyàn ń pè ní District Three, ló ń bójú tó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ṣáájú 1979 á rántí ẹ̀kọ́ àárọ̀ àti ẹ̀kọ́ ọ̀sán. Kíláàsì ò tó, nítorí náà àwọn kan á wọlé ní àárọ̀, àwọn kan á dúró di ọ̀sán. Alhaji Lateef Jakande, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbí, ló fòpin sí i lẹ́yìn tó di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì kọ́ kíláàsì káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn kan pe ilé náà ní ilé adìyẹ. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀ ti di dókítà àti lọ́yà lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilé ìwé ìjọba ṣẹ̀sín lójú ọmọ yín.

Ìwé kíkà

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ gírámà, mẹ́ta ní JSS, ìyẹn ti kékeré, mẹ́ta ní SS, ìyẹn ti àgbà. Ní Èkó, ọ̀tọ̀ ni pírínsípà ti kékeré, ọ̀tọ̀ ni ti àgbà, kódà bí wọ́n bá wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òfin orílẹ̀-èdè ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3 di ọ̀fẹ́ àti kàn-ńpá. Òbí tó bá yọ ọmọ kúrò láàárín rẹ̀ ti rú òfin.

Bí ọmọ bá ṣe ìdánwò BECE tán ní JSS3, yóò yan ẹ̀ka: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́mẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a yàn fún un. Ẹ jókòó ti olùkọ́ tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn, kí ẹ jọ wo èsì rẹ̀ látẹ̀yìn wá. Ọmọ tí ìṣirò ń fìyà jẹ tí ẹ fi dandan sọ di ọmọ sáyẹ́ǹsì á fi ọdún mẹ́ta jìyà.

Láti 2011 ni ọmọ SS ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan kún ìwé rẹ̀; lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti àkọsílẹ̀ owó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọmọ tó mọ bí a ti ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde á wúlò ní ṣọ́ọ̀bù yín ju ọmọ tó ń gbé igbá kiri lọ.

Ìdánwò WAEC ló parí ẹ̀kọ́ náà ní SS3. Ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì nílò ó kéré tán kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó lè yàn. Láti A1 títí dé C6 là ń pè ní kírẹ́díìtì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń san owó WAEC fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó yẹn wá, ẹ lọ bi pírínsípà kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Òfin Èkó ti 2018 sọ èdè Yorùbá di kàn-ńpá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ wọn ò mọ àmì ohùn í fi sí i. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni WAEC ń bi wọ́n. Ìyá àgbà tó wà nílé mọ èyí tó jẹ mọ́ àṣà ju ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kàwé sí i létí, kí òun náà máa sọ bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́.

Pápá

Ilẹ̀ wọ́n ní Erékùṣù, ọgbà ilé ìwé míì ò sì gba ju bọ́ọ̀lù ọwọ́ lọ. Síbẹ̀, Campos Square wà, pápá Oníkàn tí a fi orúkọ Mobolaji Johnson pè sì wà. Táàmù kejì ni eré ìdárayá íńtá-háòsì sábà máa ń wáyé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù tàbí yẹ́lò, àní ẹni tí kò lè sáré rárá á rí iṣẹ́ ṣe nínú máàṣì-pásìtì. Haruna Ilerika, ọmọ Erékùṣù Èkó, gbá bọ́ọ̀lù fún Zumratul Islamiyyah Grammar School kí ó tó di ìlú mọ̀ọ́ká ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores àti nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè.

Bí ọmọ yín bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladíde tàbí ikọ́ fée, ẹ sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá kí táàmù tó wọra, kì í ṣe lọ́jọ́ eré. Omi ló yí wa ká pẹ̀lú. Nítorí omi tó ń gbé ọmọ lọ ni Dókítà John Randle fi kọ́ odò ìwẹ̀ sí Oníkàn ní 1928, kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ ìwẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní ìwẹ̀ tí ẹ bá rí ọ̀nà rẹ̀.

Láàárín ẹgbẹ́

Ọmọ á tò ní àárọ̀, á kọ orin orílẹ̀-èdè, á sì gbọ́ràn sí àwọn gíwá kíláàsì. Ẹgbẹ́ ìjíròrò wà, ẹgbẹ́ oníròyìn wà, ti sáyẹ́ǹsì náà wà. Bí nǹkan bá ń dun ọmọ, ó lẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún. Ní 1944, nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ King's College fẹ̀hónú hàn nítorí ibùsùn tí wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n fa díẹ̀ nínú wọn lé àwọn ológun lọ́wọ́. A ò fẹ́ kí ọmọ kankan ká ẹ̀dùn rẹ̀ mọ́nú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn ni kí ó kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, nǹkan oṣù kì í ṣe ìdí tí ọmọ fi ń jókòó sílé. Ẹ fi páàdì sínú báàgì rẹ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti lẹ́sìnnì, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde ni wọ́n ń ṣe é. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọjà ń gbóná jù. A mọ̀ pé owó oúnjẹ ni ẹ ń wá, a ò sì bú yín. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Èkó ṣe ní 2007 kò fàyè gba kí ọmọ máa kiri ọjà ní títì. Ọmọ tó ń kiri láàárín àwọn dáńfó ní Ìdúmọ̀tà ti pàdánù ìjíròrò, ti pàdánù pápá, ó sì máa ń sùn lórí ìwé nígbà tó bá dé kíláàsì lọ́la. Bí ẹ ò bá lè yọ̀ǹda gbogbo ọjọ́ márùn-ún, ẹ yọ̀ǹda mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ náà.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń wáyé ní gbogbo táàmù. Bí ìyá ò bá ráyè, kí bàbá lọ. Bí bàbá ò bá sí nílé, kí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà lọ. Ẹ gba nọ́ńbà olùkọ́ kíláàsì ọmọ yín níbẹ̀, kí ẹ fún un ní tiyín. Ẹ dákun, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí méjì lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ wá. A ń retí yín.