Ọ̀bẹ àpò: tòkè òkun ni ká rà ni, àbí ti alágbẹ̀dẹ wa?

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kékeré la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, èyí tó ń ṣẹ́po wọ inú èèkù rẹ̀, tí à ń kì bọ àpò.

Arábìnrin kan tó ń ta ọsàn nítòsí Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó fi àkísà wé ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ín. Ọsàn ló ń bó jẹ́ẹ́jẹ́ tí ọ̀bẹ tuntun tó rà fi pa dé mọ́ ọn lọ́wọ́, tó gé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kan iṣan. Wọ́n rán an, ṣùgbọ́n títí dòní ìka náà kò ká dáadáa. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní òkè òkun ló ti wá o!"

Àwa tí kọ̀ǹtéńà Àpápá ń gba ojú wa kọjá ti gbà pé ohun tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀ ju tilé lọ. Ṣùgbọ́n òkè òkun ò dọ́gba. Opinel, tí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Faransé láti 1890, ti ní òrùka irin lọ́rùn láti 1955, kó má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Okapi bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1902, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Àwọn yẹn ní orúkọ tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Èyí tí kò lórúkọ tí wọ́n dà sórí tápólì, òkè òkun lòun náà ti wá.

Irin wọn ńkọ́? Èyí tí kì í tètè dípata ní kirómíọ̀mù nínú, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú 100. Ó dára fún ọsàn, tòmátì àti ẹja. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ́ọ́kú máa ń rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì tètè ń kú. Ọ̀bẹ tó kú ló ń mú ká fi agbára tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ti ń yọ̀ sí wa lọ́wọ́.

Alágbẹ̀dẹ tiwa sábà máa ń fi síríǹgì ọkọ̀ ẹrù tó ti gbó rọ ọ̀bẹ. Irin yẹn le. Bó bá mọ iṣẹ́ iná àti omi, ọ̀bẹ rẹ̀ á mú, á pẹ́ kó tó kú, ó sì rọrùn láti pọ́n. Ìpata ni àléébù rẹ̀: ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sun inú omi. Tirẹ̀ kì í sábà ṣẹ́po, inú àkọ̀ awọ ló ń wọ̀. Ohun tí kì í pa dé kò lè pa dé mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ má fi òòfà dán ọ̀bẹ wò. Òòfà ń fa irin ọ̀bẹ, ìbáà dípata, ìbáà má dípata.

Kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ ṣí i, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń mì, ẹ fi sílẹ̀.
2. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ igi díẹ̀díẹ̀, kí ìka yín jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Bó bá pa dé, kì í ṣe ọ̀bẹ gidi.
3. Ẹ fi gé bébà. Kó gé e ni, kó má fà á ya.

Nílé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ inú èèkù níbi tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, kí ẹ nù ún gbẹ.

Bó bá gé yín

Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Kì í ṣe ìpata ló ń fa tẹ̀tánọ́ọ̀sì, kòkòrò inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni. Ọ̀bẹ tó ń dán lè gbé e. Bí ọgbẹ́ bá jìn tàbí tó dọ̀tí, tí abẹ́rẹ́ yín sì ti lé lọ́dún 5, ẹ lọ gba òmíràn. Bí ìka ò bá ká, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Arábìnrin ọlọ́sàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ ló ń lò báyìí, ó sì ń nù ún gbẹ lálaalẹ́. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwa tí a ń rà á ló yẹ ká yẹ èèkù wò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.