Òròmọdìyẹ Tó Pẹ́ Nínú Ẹyin: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Ràn Án Lọ́wọ́?

Ṣómólú táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, àti Bàrígà tó fẹ̀gbẹ́ ti ọ̀sà, kì í ṣe ibi téèyàn ti ń rí ilẹ̀ dá oko adìyẹ. Ilé fara kọ́lé níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń sàba fún ẹyin, èyí táwọn tó ń lò ó ń pè ní ínkúbétọ̀, kò bèèrè ju orí tábìlì kan àti ojú iná kan lọ, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe láti pa ẹyin nínú yàrá ní Pẹ́dírò tàbí Ládí-Lak. Ọjọ́ kọkànlélógún ni wàhálà rẹ̀ sábà máa ń dé. Òròmọdìyẹ mélòó kan ti jáde, wọ́n ń ké, àwọn ẹyin yòókù ò mira. Òmíràn ti sán níbì kan ṣoṣo láti àná, kò sì tún sún síwájú. Ọwọ́ á wá máa yún ẹni tó ni ín, á fẹ́ fi èékánná ṣí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìrànlọ́wọ́ tó bá yá jù máa ń pa òròmọdìyẹ tí ì bá yè, àti pé kàlẹ́ńdà kò mọ ìgbà tó yẹ ká ṣèrànwọ́. Ara ẹyin la ti ń mọ̀ ọ́n.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń lọ nínú ibẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejìdínlógún, òròmọdìyẹ ti kún inú ẹyin tán, àyàfi àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà níbi tí ẹyin ti fẹ̀. Kò tíì máa fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ èèpo ẹyin nínú ló ń bá a gba afẹ́fẹ́ wọlé, láti ara àwọn ihò tíntìntín tó wà lára èèpo, tí iye wọn tó 7,000 sí 17,000. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkàndínlógún sí ogúnjọ́, á fi àgógó gún awọ náà, á ki ẹnu bọ inú àlàfo yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ìgbà náà lèèyàn á máa gbọ́ tó ń ké látinú ẹyin. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, òun ló ń mú kó máa ju orí títí eyín kékeré tó wà lókè àgógó rẹ̀ á fi sán èèpo. Ọ̀pọ̀ rò pé bó ti sán an yìí, ó yẹ kó jáde lójú ẹsẹ̀ ni. Àmọ́ ìsinmi ló kàn, ó sì lè gùn tó wákàtí 12 sí 24. Láàárín àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ inú awọ ń padà sára òròmọdìyẹ díẹ̀díẹ̀, pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù sì ń gba ojú ìdodo wọ inú ikùn rẹ̀. Pupa ẹyin yẹn ni yóò máa jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá jáde, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n lè di òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan sínú páálí láti Ìbàdàn wá sí Èkó láìfún wọn lóúnjẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá bó ẹyin ní wákàtí kẹrin lẹ́yìn tó sán, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí, á sì bá pupa ẹyin níta, tó ṣì so mọ́ ọmọ náà níkùn. Irú èyí kì í sábà yè.

Èèyàn lè ní, ṣé ọjọ́ 21 kò wá nítumọ̀ ni? Ó nítumọ̀ fún ẹyin tó rí ooru nǹkan bí 37.5°C gbà láìdáwọ́ dúró. Ẹyin mélòó ló ń rí bẹ́ẹ̀ gbà ní Ṣómólú? Nígbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí owó iná tuntun ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà tó wà ní ìpín Band A, tí wọ́n fi owó kún owó iná wọn, ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ká tiẹ̀ ní ìlérí yẹn ṣẹ láìyẹ̀, wákàtí mẹ́rin ṣì ṣẹ́ kù lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ wákàtí 84 láàárín ọjọ́ 21. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún ìpín Band C ò ju ó kéré tán wákàtí 12 lọ, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ló lè tan án mọ́jú. Ẹyin kì í tìtorí pé iná lọ fún wákàtí kan kú. Àgbébọ̀ pàápàá máa ń dìde lórí ẹyin rẹ̀ lọ wá nǹkan jẹ. Ohun tí òtútù ń ṣe ni pé ó ń dá ìdàgbàsókè ọmọ inú rẹ̀ dúró, tí kàlẹ́ńdà á sì fi máa lọ níwájú ẹyin. Nítorí náà, ẹyin tí kò tíì sán lọ́jọ́ kọkànlélógún ní Bàrígà lè má tíì pẹ́ rárá. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tó fẹ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji àgógó tó ń mira nínú àlàfo, ẹ dá a padà, kí ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà tó bá sán gan-an ni kí ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Omi tún wà ńbẹ̀, ibí yìí sì ni Èkó ti yàtọ̀ sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bu omi kún àwo inú ẹ̀rọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ọ̀sà fẹ́ wá sí Ìlàjẹ ní Bàrígà ti kún fún ọ̀rinrin kó tó wọnú ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ 30°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹ̀rọ bá mú un gbóná dé 37.5°C, ọ̀rinrin rẹ̀ á ṣì tó nǹkan bí ìdá 52, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdá 45 sí 55 lẹyin ń fẹ́ fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́. Tá a bá tún wá bomi sí i, ẹyin ò ní fúyẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí tó wọn gíráàmù 60 lọ́jọ́ tó wọ ẹ̀rọ yẹ kó wọn nǹkan bí 53 lọ́jọ́ kejìdínlógún. Tí kò bá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àlàfo afẹ́fẹ́ á kéré, òròmọdìyẹ á wú, á sì há débi tí kò ti ní lè yí ara po láti gé èèpo. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: awọ á gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló yẹ ká bomi dáadáa, kí ọ̀rinrin lè tó ìdá 65 sí 75, ká sì sé ẹ̀rọ pa. Gbogbo ìgbà tá a bá ṣí i lọ̀rinrin yìí ń jáde, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣí ẹ̀rọ nítorí ẹyin kan lè fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí awọ gbẹ mọ́ àwọn tó ń sinmi jẹ́jẹ́ lára.

Ìgbà kan ń bẹ, ṣá o, tó yẹ ká ṣèrànwọ́. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá lẹ́yìn tó sán, tí ihò náà ò fẹ̀ sí i, tí awọ etí rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì le, ó ti há nìyẹn. Bó bá ti gé èèpo yí ká dé ìdajì, tó wá dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta, òun náà ń fẹ́ ọwọ́, torí pé ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ gígé ti parí ìsinmi. Èyí tó bá sán níbi ṣóńṣó ẹyin ṣòro jù, nítorí kò sí àlàfo afẹ́fẹ́ níbẹ̀: ẹ kàn fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀ kó lè mí, kí ẹ sì tún dúró. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ti ibi àlàfo afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kò sí ẹ̀jẹ̀, kí ẹ máa ṣẹ́ èèpo ní kékeré kékeré. Ẹ ki òwú bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi pa awọ funfun náà lára láìjẹ́ kí omi dé ihò imú rẹ̀. Bó bá ti rin, á mọ́ gaara, ẹ ó sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tó nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, tàbí tí òròmọdìyẹ ń ya ẹnu tó tún ń pa á dé bí ẹni ń yán, kò tíì tó àkókò. Ẹ dá a padà sínú ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fi tíṣù tẹ ojú ibẹ̀ títí á fi dá, kí ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá sí iṣan mọ́, ẹ ṣí i ní orí, ẹ fi ìdajì ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti èèpo náà kúrò.

Àwọn kan á ní àgbébọ̀ kì í bá ọmọ rẹ̀ fọ́ ẹyin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru ara àgbébọ̀ kì í ṣàdédé lọ lóru, kò sì sẹ́ni tó ń bu omi àbùjù sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ wa bàjẹ́, ẹ̀tọ́ wa ni láti tún un ṣe níwọ̀nba. Àwọn míì á ní iléeṣẹ́ ńlá tó ń pa ẹyin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún kì í ran ìkankan lọ́wọ́, pé èyí tí kò bá lè dá jáde, aláìlera ni. Ìṣirò ilé ńlá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní ọgbọ̀n ẹyin péré, tó mọ̀ pé iná lọ lóru mẹ́ta léra léra. Àìlera kọ́ ló mú irú èyí pẹ́. Síbẹ̀, mo gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ wọn: èyí tá a bá ràn lọ́wọ́ láìmọ ohun tó fa ìpẹ́ rẹ̀, ká má fi ṣe ìyá adìyẹ. Ẹni tó sì ní dídúró náà lè pani kò parọ́, àwọn kan á kú ká tó dé wákàtí 24. Àmọ́ èyí tó kú nígbà tá a ń dúró sábà máa ń ní ohun mìíràn tó ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ṣẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kẹrin, ọwọ́ wa ló ṣe é.

Bó bá jẹ́ ẹyin kan tàbí méjì ló ń fẹ́ ìrànwọ́, kò burú. Bó bá jẹ́ ìdajì wọn ni, ẹ̀rọ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ ra tẹmọ́mítà mìíràn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ wò bóyá nọ́ńbà wọn bára mu, kí ẹ tó kó ẹyin tuntun sí i.