Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Padà sí Ìlú tí Ó ti Gbé Rí

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kàwé ní òkè òkun, ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ọkàn sábà máa ń lọ sí. Òun ni a ń gbà ní ìyànjú nípa òtútù, oúnjẹ àti ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí ó ti gbé ìlú náà rí, tí ó sì tún padà síbẹ̀ láti fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé a máa rò pé kò sí ìṣòro fún un mọ́. Èrò yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò, nítorí a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan tí ó gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965, tí ó sì padà síbẹ̀ ní ọdún 1972, ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ó fi ìlú náà sílẹ̀, kọ́bọ̀ 12 ni sílè kan, sílè 20 sì ni pọ́n-ùn kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1971, ìjọba ibẹ̀ yí ìṣirò owó padà: kọ́bọ̀ tuntun 100 ni ó di pọ́n-ùn kan, sílè àtijọ́ sì di kọ́bọ̀ tuntun 5. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Victoria, tí kò tíì ṣí nígbà tí ó lọ, ti dé Brixton. Bákan náà ni ẹni tí ó mọ Lọ́ńdọ̀nù sí ibi tí a ti ń fi owó lé kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ́wọ́ yóò rí i pé láti oṣù keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́.

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tòótọ́ mọ̀ pé òun kò ríran, nítorí náà ó ń béèrè. Ẹni tí ó padà wá ni ojú ń tì láti béèrè; ojú àná ni ó fi ń wo ìlú òní. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbé ti tú ká, òun fúnra rẹ̀ sì ti lè di onílé, ọlọ́mọ, tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún kan péré, oṣù kan tí ó bá ṣòfò kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, ìmọ̀ àtijọ́ kì í ṣe asán. Ládìpọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Ìlú Ọba ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní ọdún 1925, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. Ó ti rí i bí àwọn onílé ṣe ń kọ̀ láti gba aláwọ̀ dúdú sí ilé wọn. Láti ọdún 1929 títí di 1932, ó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà káàkiri láti wá owó tí a ó fi dá ilé sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn tí ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé náà ṣí ní Camden Road ní ọdún 1933. Nítorí pé ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ ni ó ṣe mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Nítorí náà, ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó padà bẹ̀rẹ̀ bí àlejò. Kí ó lọ sí ìpàdé tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe fún àwọn ẹni tuntun, kí ó béèrè ọ̀nà, kí ó sì wá ojúlùmọ̀ titun. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá lo ohun tí ó ti mọ̀ fún ire ara rẹ̀ àti ti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.